Ẹ ṣọ́ra fún Crown Victoria tí wọ́n bá ní "bàbá àgbà kan ló ń lò ó"

Ẹ̀yin ará Houston tẹ́ ẹ fẹ́ ra mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi kówó yín tó wọgbó. $4,800 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, owó iṣẹ́ alẹ́ oṣù mẹ́jọ.

Crown Victoria 2007 ni, mọ́tò Ford táwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà lò gan-an tẹ́lẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni díláà yẹn o, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Mo bi í, ṣé kì í ṣe mọ́tò ọlọ́pàá? Mo bi í o! Ló bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn, Panther ni wọ́n ń pe ṣásì ẹ̀, Ford ti ń lò ó láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 1979, òun náà ló wà lábẹ́ Grand Marquis àti Lincoln Town Car, títí wọ́n fi ṣe èyí tó kẹ́yìn ní St. Thomas ní Kánádà ní September 2011, pé ẹ́ńjìnì V8 4.6 kan náà ló wà nínú tọlọ́pàá àti tàwọn aráàlú ti 2007. Òótọ́ sì nìtàn yẹn, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, òótọ́ ló fi bo irọ́ mọ́lẹ̀.

Sunday àkọ́kọ́, a dé ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ mi ò lè ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn látinú, gbogbo èrò ń wò wá bí mo ṣe ń sáré yípo wá ṣí i fún wọn. Mo pe díláà yẹn, ó ní child lock ni, èyí tí kì í jẹ́ kọ́mọdé ṣílẹ̀kùn látinú. Mo sì gbà á gbọ́!

Àfìgbà tí mẹkáníìkì tú ike ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú, ihò iná ọlọ́pàá rèé, wọ́n fi púttì dí i, wọ́n kùn ún. Ó ka VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, àmì karùn-ún sí ìkeje: P71. Tọlọ́pàá nìyẹn! P73 àti P74 ni tàwa aráàlú. Maìlì 96,000, àmọ́ wákàtí tí ẹ́ńjìnì ti ṣe lé ní 8,000, ẹ́ńjìnì ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí ìdúró láìmọye òru.

Ó yẹ kí n ti ka VIN, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Àmọ́ wọ́n ti pààrọ̀ ìjókòó, wọ́n ti kùn ún dúdú, ta ló máa mọ̀? Mọ́tò ọlọ́pàá ò burú fẹ́ni tó mọ̀ pé òun lòun ń rà, àwọn kan ń wá a kiri gan-an. Irọ́ ló burú. Olè ni! Olè!

Ẹ ka VIN kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo wákàtí ẹ́ńjìnì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tó bá wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 1996 sí 2001, ẹ wo intake manifold oníke, ẹ̀yà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì, iwájú ẹ̀ máa ń sán, omi á máa jò. Mẹkáníìkì tiyín lẹ máa mú lọ o, kì í ṣe tiwọn.

Èmi ò gba ẹni tó ń ta mọ́tò kankan gbọ́ mọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá mi. Láàárọ̀ yìí mo gba iwájú ibẹ̀ kọjá, Crown Victoria dúdú míì ti wà níbẹ̀, wọ́n ti kọ ONE OWNER sára gíláàsì ẹ̀.