Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta ìdẹ ẹja “àfọwọ́gbẹ́”: ike ló kó fún mi

Ẹ̀yin apẹja ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ìtìjú tó pa á mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Ìdẹ mẹ́fà ni mo ra, irú tí wọ́n ń ṣe bí ẹja kékeré láti fi tan ẹja ńlá. Wọ́n ní igi balsa, igi tó fúyẹ́ gan-an, ni, wọ́n ní ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ike ni. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ike!

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Èmi kì í ṣe ọmọdé nídìí ìwọ̀. Fídíò tí ẹni tó tà á fún mi fi ránṣẹ́ ló mú mi: ọwọ́ méjì, ọ̀bẹ kékeré, èérún igi tó ń já bọ́ sórí tábìlì, àti àtàǹpàkò òsì tí wọ́n fi aṣọ funfun dì bíi pé ọ̀bẹ ti gé e. Aṣọ funfun yẹn ló pa mí. Mo ní ẹni tí ọ̀bẹ ti gé lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ ló ń ṣe lóòótọ́. Ta ni ò ní gbà á gbọ́?

Èmi fúnra mi ni mo ya àwòrán ìdẹ náà. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi yà á: ikùn tó rọ̀ díẹ̀, ìrù tẹ́ẹ́rẹ́, ètè tó dà gẹ̀rẹ̀ kó lè máa rì bí mo bá ń fa okùn. Mo tiẹ̀ sàmì síbi tí òjé máa wà nínú ikùn kó má baà dojú dé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọṣẹ́ o!” Orí mi wú. Mo san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má bi mí nídìí. Ó ní igi ti fẹ́ tán lọ́wọ́ òun.

Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi dúró. “Epoxy ò tíì gbẹ, ẹ̀gbọ́n.” Epoxy ni oje tó máa ń le tí wọ́n fi ń bo ìdẹ; ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀ ló fi kọ orin yẹn. Epoxy wo ló ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó gbẹ? Ọjọ́ kan sí méjì, ó ti le. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì dákẹ́!

Nígbà tí ẹrù dé, ó dán lójú. Mo fi èékánná họ ẹ̀yìn ọ̀kan, mo kan ilà tín-ín-rín lábẹ́ ọ̀dà, láti imú dé ìrù: ibi tí wọ́n ti lẹ ìlàjì méjì pọ̀. Mo mú òmíràn, ilà wà níbẹ̀. Mo wá rí ọgbẹ́ kan bí orí abẹ́rẹ́ lábẹ́ ojú òsì, ibì kan náà lára mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọwọ́ èèyàn wo ló ń ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà? Mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń da ike ni!

Síbẹ̀ mo ṣì ń gbèjà rẹ̀ o. Mo gbé ìdẹ kan lọ sódò. Dípò kó máa jùrù bí ẹja, ńṣe ló fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tó ń yí gbirigbiri, torí ètè rẹ̀ wọ́. Mo ní èmi ni mi ò so okùn dáadáa. Mo tún un so. Ẹja gbá a mú, mo fà, òrùka iwájú tí mo so okùn mọ́ fà yọ, ẹja gbé ìyókù lọ. Skúrù tó gbé òrùka yẹn dúró ò gùn tó èékánná ìka kékeré mi. Àwọn tó ń gbẹ́ ìdẹ ní tòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi wáyà kan ṣoṣo gba inú igi láti imú dé ìrù. Bí igi bá là, ẹja ò lọ. Mo fi ọ̀bẹ la òmíràn nílé. Inú rẹ̀ ṣófo, ọta irin kéékèèké méjì ló yí jáde.

Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i. Ó kà á. Lọ́jọ́ kejì, mi ò rí i mọ́ lórí fóònù mi. Èyí tó wá ká mi lára jù: àwòrán tèmi, alẹ́ mẹ́ta mi, ló fi ń polówó báyìí pé òun ló dá àrà náà. Àbúrò mi ò pe orúkọ mi mọ́, “Ẹja” ló ń pè mí.

Gbogbo àwọn tó ń tà á, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbẹ́ ẹ lóòótọ́, ẹ má bínú. Tàbí kẹ́ ẹ bínú, owó tèmi ló lọ.

Kí n má gbàgbé: ẹ ní kó ya fọ́tò igi náà kó tó kùn ún lọ́dà, kó fi pẹ́ńsù kọ orúkọ yín sí i lára. Ẹ fi èékánná wá ilà. Bí méjì bá jọra jù, ẹ fura. Ẹ má san gbogbo owó tán. Ẹ má fi àwòrán yín fún ẹni tẹ́ ò mọ̀.

Lánàá mo rí fídíò kan náà lọ́dọ̀ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ mìíràn. Tábìlì kan náà, èérún igi kan náà, àtàǹpàkò òsì nínú aṣọ funfun. Bẹ́ ẹ bá rí ìka yẹn, ẹ sá.