Nínú àwọn aláwàdà fíìmù aláìlóhùn ayé àtijọ́, Chaplin àbí Keaton, ta ló ń pani lẹ́rìn-ín jù?

Èmi o, Keaton ni mo máa mú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ti Chaplin ná. Nínú fíìmù Modern Times (1936), ó ń fún nọ́ọ̀tì ní ilé iṣẹ́, ìgbà tó máa fi kúrò nídìí ẹ̀rọ ọwọ́ ẹ̀ ò dúró mọ́, ó ṣáà ń yí nǹkan tí ò sí níbẹ̀. Bergson, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Faransé, ti sọ ọ́ lọ́dún 1900 pé èèyàn tó bá ń ṣe bí ẹ̀rọ ló ń pa wá lẹ́rìn-ín. Àánú Chaplin tún máa ń ṣeni.

Ti Keaton yàtọ̀ pátápátá. Nínú Steamboat Bill, Jr. (1928), ìjì ń jà, odindi ògiri iwájú ilé ya lulẹ̀ lé e lórí, àfi bí ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ṣe bọ́ síbi tó dúró sí géérégé, kò fara pa rárá. Ògiri gidi mà ni o! Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, ló ṣàlàyé irú ẹ̀rín yìí dáadáa: àyà èèyàn á ti já, lójijì ohun tá a ń retí á di òfo, ẹ̀rín á bú jáde. Chaplin máa ń jẹ́ ká mọ ohun tó ń dùn ún, Keaton ò ní sọ nǹkan kan fún ẹ, ojú ẹ̀ ò tiẹ̀ ní yí padà, ohun tí mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀ jù nìyẹn.