Ìrìn Ìtàn Ìsàlẹ̀ Èkó: Torí Mọṣáláṣí Shitta-Bey Ni Mo Ṣe Lọ

Sátidé tó kọjá, mo san ₦10,000 fún ìrìn ìtàn kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹsẹ̀ la fi rìn fún wákàtí mẹ́ta, láti Ìta Tinúbú títí dé òpópónà Martins. Àwọn ibi yòókù dára, ṣùgbọ́n Mọṣáláṣí Shitta-Bey ló mú mi kúrò nílé.

Amọ̀nà wa mọ ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ dáadáa. Kò jẹ́ ká tètè wọlé. Ó ní ká dúró lódìkejì títì, ká wo fèrèsé tó tẹ̀ kọrọdọ lókè àti ọnà ara ògiri, ká wá sọ ibi tí a ti rí irú rẹ̀ rí. Ìyá kan láàárín wa ló dáhùn: "Ilé àwọn Àgùdà ni!" Bẹ́ẹ̀ ló rí. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà Èkó, ìyẹn àwọn tó padà wá láti Brazil, ló kọ́ ọ. Láti kékeré ni mo ti ń kọjá níbẹ̀, n kò mọ̀.

Sàró, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn tó padà wá láti Sierra Leone, ni Mohammed Shitta tó ná owó rẹ̀ lé e lórí. Waterloo ní Sierra Leone ni wọ́n bí i sí, òwò obì àti awọ lójú ọ̀nà odò Ọya ló sì sọ ọ́ di olówó. Ọjọ́ 4 oṣù Keje, ọdún 1894 ni wọ́n ṣí mọṣáláṣí náà. Gómìnà Carter wà níbẹ̀, Edward Blyden, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú nì, wà níbẹ̀, Abdullah Quilliam, lọ́yà ará Liverpool tó gba Ìsìláàmù, sì mú iṣẹ́ Súlútáánì ilẹ̀ Túọ́kì wá. Súlútáánì yìí ló fi oyè "Bey" dá Shitta lọ́lá. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn náà ni Shitta kú.

Ibi tí ọkàn mi ti dúró ni ọ̀rọ̀ tí Súlútáánì rán sí àwọn Mùsùlùmí Èkó, pé kí wọ́n fi àwọn ọmọ wọn sílé ìwé. Ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì nilé ìwé wà nígbà náà, àwọn òbí sì ń bẹ̀rù pé ọmọ yóò lọ, yóò sì di onígbàgbọ́. Lọ́dún 1896 ni ìjọba wá dá ilé ìwé tàwọn Mùsùlùmí sílẹ̀. Ìyá mi àgbà kò mọ̀wé títí tó fi kú, ìbẹ̀rù yìí kan náà ni bàbá rẹ̀ sọ. Ojú rẹ̀ ni mo ń rí bí amọ̀nà ṣe ń sọ̀rọ̀. Omijé bọ́ lójú mi.

Àléébù méjì ni mo rí. Amọ̀nà sọ pé mọṣáláṣí yìí ni àkọ́kọ́ l'Ékòó. Alhaji àgbàlagbà kan tó jókòó nítòsí ló tún un ṣe: "Ọmọ mi, Mùsùlùmí ti ń kírun l'Ékòó kí Shitta tó dé. Nígbà tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851, ṣebí Mùsùlùmí wà lára àwọn tó bá a lọ." Amọ̀nà dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì, èyí sì wú mi lórí. Èkejì ni pé ìṣẹ́jú 25 péré ni wọ́n fún ibi tó ní ìtàn tó báyìí, wọ́n sì kó wa kúrò nígbà tí ìrun Àìlà, ìrun ọ̀sán, kù díẹ̀.

Owó mi kò dùn mí. Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má mú ọjọ́ Jímọ̀, èrò a máa pọ̀ jù. Kí àwọn obìnrin mú ìborí dání, kí ẹ sì ti sọ ṣáájú pé ẹ fẹ́ dúró kírun.

Èmi padà lọ ní ọjọ́ Ajé. Mo kí Àìlà mi níbẹ̀, mo wá lọ jókòó ti Alhaji náà.