Ilé Àmàlà tí Mo Lọ Wòran ní Gwagwalada

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń kọ́ ní Gwagwalada, ní agbègbè Abuja. Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ wa ní kí kálukú yan ibì kan tí èèyàn ń wọ̀ tí èèyàn ń jáde, kí ó lo àárọ̀ mẹ́ta níbẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ bá rí. Ilé àmàlà kan lẹ́yìn ọjà ni mo yàn, nítorí pé, kí n má parọ́, ebi wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìyá olóúnjẹ bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ̀lé èéfín igi láti ẹ̀yìn ọjà lọ́wọ́ àárọ̀ yóò débẹ̀.

Àmàlà wọn dúdú, ó jọ̀lọ̀, kò sì ní kókó kankan. Gbẹ̀gìrì ni wọ́n mọ̀ ọ́n sè jù: ẹ̀wà rẹ̀ kúnná débi pé ahọ́n kò kan èèpo kan ṣoṣo. Ewédú kò burú. Ìdì àmàlà kan jẹ́ ₦300, ẹran kan ₦500. Ìdì méjì àti ẹran méjì ni mo jẹ, mo san ₦1,600. Ọbẹ̀ ata ọjọ́ kejì ni iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí oníkẹ̀kẹ́ kan tó jókòó tì mí fi bu omi mímu rẹ̀ là á. Ẹni tí ó bá wọ aṣọ funfun kò gbọdọ̀ jókòó sí bẹ́ńṣì tó sún mọ́ ìdí iná.

Ìròyìn àkọ́kọ́ tí mo kọ kò já mọ́ nǹkan. Mo kọ ọ́ pé ilé náà kún fọ́fọ́, pé oúnjẹ wọn dùn yùngbà. Olùkọ́ wa fa ìlà pa fọ́fọ́, ó fa ìlà pa yùngbà, ó wá bi mí pé èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀ àti pé èló ni wọ́n san. Ó rán wa létí pé nígbà tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì ará Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn èdè Yorùbá, ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan, àti pé ta ló dé, ta ló lọ, ta ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wà lára ohun tí wọ́n ń tẹ̀ síbẹ̀. Nǹkan kéékèèké ni lójú ẹni tó rà á nígbà náà, òun sì ni àwa fi ń mọ bí ìlú wọn ṣe rí.

Nítorí náà, mo kà wọ́n lọ́jọ́ kejì. Láàárín aago méje sí mẹ́jọ, èèyàn 31 jẹun lórí bẹ́ńṣì mẹ́fà, mẹ́rin sì jẹ tiwọn ní ìdúró. Ọlọ́kadà kan ń fi èdè Hausa béèrè ọbẹ̀ sí i, ìyá olóúnjẹ ń fi Yorùbá dá a lóhùn, kò sì sí ẹni tí ó ṣi ẹnì kejì gbọ́. Obìnrin Gbagyi kan gbé ìdì igi wọlé ní èjìká, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn obìnrin ilẹ̀ wọn. Ọmọbìnrin Yorùbá tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ká òṣùká, ó sì rù ú lọ sí ìdí iná. Igi kan náà bọ́ ní èjìká, ó bọ́ sórí, kò sì sí ẹni tó wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì àfi èmi.

Bí mo ṣe ń kọ èyí ni ìyá olóúnjẹ fi omorogùn sílẹ̀, tí ó wá dúró lé mi lórí.

“Ọmọ mi, ṣé kánsù ló rán ẹ?”

“Rárá o, Mà. Iṣẹ́ ilé-ìwé ni.”

Ó gba ìwé náà, ó rí iye èèyàn, ó rí iye owó, ó sì jọ ìwé agbowó-orí gẹ́lẹ́ lóòótọ́. Ojú tì mí, nítorí pé ó yẹ kí n ti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tọrọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àyè títọrọ fà. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti nu gbogbo tábìlì, ọmọbìnrin tó ń bu ọbẹ̀ wé gèlè, ṣàkì tí n kò rà sì wà nínú àwo mi. Oúnjẹ ọjọ́ náà dára ju ti ìyókù lọ, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi kà á mọ́ ìdájọ́ mi. Ẹni tí kò bá gbé ìwé wọlé, ti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni yóò jẹ, ìyẹn náà sì tó kí n tún padà lọ fi owó ara mi jẹun níbẹ̀.

Kí n tó lọ, ìyá náà bi mí bóyá mo kọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ sílẹ̀. Mo ní mo ti kọ ọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kọ́ ni òun se ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn. Mo kọ ìyẹn náà, mo sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ìṣojú mi ni ó bu iyọ̀ sí i.