Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù: kí ẹ lọ tààrà ni, àbí kí ẹ yà lọ́nà?

Tí ẹ bá na okùn láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà dé Heathrow, ọ̀kan lára àwọn pápákọ̀ òfurufú Lọ́ńdọ̀nù, yóò tó kìlómítà 5,000. Gatwick, pápákọ̀ Lọ́ńdọ̀nù mìíràn, fi bíi kìlómítà 40 sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ, èyí tí bàálù ò tiẹ̀ kà sí. Bíi wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ ni ẹni tó lọ tààrà máa ń lò lókè.

Ẹni tó bá gba Casablanca ní Mòrókò ò yà púpọ̀: bíi kìlómítà 3,200 dé ibẹ̀, bíi 2,100 láti ibẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù. Ojú ọ̀nà náà ni Mòrókò wà. Addis Ababa ní Ethiopia ńkọ́? Ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún ni! Bíi 3,900 lọ síbẹ̀, kí ẹ tó wá gba 5,900 mìíràn gòkè. Bí ẹni ń ti Èkó lọ Ìbàdàn tó kọ́kọ́ dé Ilé-Ifẹ̀ ni. Bíi wákàtí mẹ́jọ lẹ máa lò lófuurufú tẹ́ ẹ bá gba Casablanca. Ti Addis á tó mẹ́tàlá.

Ẹ má jẹ́ kí aago orí tíkẹ́ẹ̀tì tàn yín. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Nígbà ooru àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, aago wa dọ́gba. Láti ìparí oṣù Kẹwàá dé ìparí oṣù Kẹta, wọ́n fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Bàálù tó gbéra ní 10:30 alẹ́, tó ń balẹ̀ ní 5:00 ìdájí nínú oṣù Keje, 4:00 ni yóò balẹ̀ nínú oṣù Kejìlá. Kì í ṣe pé ó sáré.

Ìdúró ọ̀nà gan-an ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó. Tí kò bá tó wákàtí méjì, àyà yín á máa já. Tó bá lé ní mẹ́fà, orí àga irin lẹ máa sùn. Kí ó sì jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Mo ti ra méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí, torí pé ó dín owó. Báàgì méjì ni mo gbé kúrò nílé. Ọkọ̀ kejì ní ọ̀kan péré lòun ń gbé lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi nìyẹn lórí ìkúnlẹ̀ nídìí òṣùwọ̀n, tí mò ń rọ́ èlùbọ́ sínú báàgì ọwọ́, táwọn tó tò sẹ́yìn mi ń pòṣé. Owó tí mo rò pé mo jèrè, ẹrù ló jẹ ẹ́.

Tó bá jẹ́ ìyá àgbà tàbí ọmọ kékeré lẹ fẹ́ rán lọ, tààrà ni o. Ẹni tó dá lọ, tí ò kánjú, lè gba Casablanca tí owó rẹ̀ bá dín dáadáa. Ti Addis, àfi tó bá pọ́n dandan.

Ẹ tún bi ẹni tó máa gbà yín lálejò pé àdúgbò wo ló ń gbé. British Airways àti Virgin Atlantic ń gbé èrò Èkó lọ Heathrow. Air Peace bẹ̀rẹ̀ ti Gatwick ní 30 oṣù Kẹta, 2024. Tó bá jẹ́ Peckham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, láàárín àwọn èèyàn wa ni, Gatwick dára: ọkọ̀ ojú irin ń dé London Bridge ní bí ààbọ̀ wákàtí. Tó bá jẹ́ apá ìwọ̀-oòrùn, Heathrow ni. Àmọ́ ẹni tó bá balẹ̀ síbẹ̀ ní ìdájí, kó mú súẹ́tà dání. Lọ́pọ̀ ọjọ́, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ò tíì jí.