Ìkànnì tàbí ímeèlì: èwo ni ìjọ yóò fi dé ọ̀dọ̀ aráàlú?

Ọdún 1995 ni Vatican ṣí ìkànnì rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, Póòpù John Paul Kejì fi ímeèlì fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ìjọ ní Oceania, ìyẹn Australia àti àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìkànnì àti ímeèlì ń ṣe.

Ìkànnì ni ti àlejò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, tàbí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tó ń wá ibi tí wọn yóò ti bá a gbàdúrà, Google ló máa kọ́kọ́ bi. Ohun tó ń wá kò ju aago ìsìn, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà tó lè pè. Ó máa ń dùn mí tí mo bá ṣí ìkànnì ìjọ kan, tí fọ́tò olùṣọ́àgùntàn gba gbogbo ojú ewé, tí ìkéde Àjíǹde ọdún tó kọjá ṣì wà níbẹ̀, tí aago ìsìn wá di àwátì. Àlejò á ti yà síbòmíràn.

Ímeèlì kì í wá àlejò. Ẹni tó ti fúnra rẹ̀ fi àdírẹ́sì sílẹ̀ ló wà fún, ó sì dára fún títọ́jú ẹni tó ti wá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àdírẹ́sì wọn sí Bcc, àyè tó ń fi àdírẹ́sì pamọ́ nínú ímeèlì, kí ẹnìkan má baà rí ti ẹnìkejì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ẹni kì í ṣe ohun à-ń-tú síta. Ẹni tó bá ní kí ẹ yọ òun kúrò, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìjọ tí agbára rẹ̀ kò bá gbé méjèèjì, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkànnì. Ojú ewé kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ péye ti tó.