Fílítà ọ́ìlì mẹ́rin fún Toyota Corolla: èwo ló ń sẹ́ ọ́ìlì dáadáa?

Toyota Corolla ọdún 2006 ni mo ń wà, mo sì ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní gbogbo 5,000 kìlómítà láti ìgbà tí mo ti rà á ní tòkúnbọ̀. Ọ́ìlì ni mo máa ń fara balẹ̀ yàn. Ní ti fílítà, èyí tí oníṣọ́ọ̀bù bá nawọ́ rẹ̀ sí mi ni mò ń gbà, nítorí mo gbà pé ọ̀dà ara agolo nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Lọ́dún yìí, mo ra mẹ́rin, mo fi ayùn irin là wọ́n, mo sì tẹ́ ohun tó wà nínú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ti Toyota fúnra rẹ̀, Fram Extra Guard, Fram Ultra Synthetic, àti ọ̀kan olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan sí lára, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ náà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Fram sọ pé Extra Guard ń mú ìdá 95 nínú 100 ìdọ̀tí, pé Ultra Synthetic sì ń mú ìdá 99. Irú ìdọ̀tí wo? Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní ISO 4548-12 ni wọ́n tẹ̀ lé. Nínú ìdánwò yìí, wọ́n máa ń da eruku tí wọ́n ti mọ bí hóró rẹ̀ ṣe tóbi tó sínú ọ́ìlì, wọ́n á jẹ́ kí ọ́ìlì náà gba inú fílítà kọjá léraléra, wọ́n á sì máa ka hóró tó wà nínú ọ́ìlì kí ó tó wọlé àti èyí tó bá a jáde. Hóró tó ju 20 máíkírónì lọ ni iye tí Fram kọ ń tọ́ka sí. Máíkírónì 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan, irun orí ènìyàn sì fẹ̀ tó nǹkan bíi 70, nítorí náà ohun tí ojú lásán kò lè rí ni a ń sọ. Páálí tó bá kọ ìdá 99 láìsọ bí hóró náà ṣe tóbi tó kò tíì sọ nǹkan kan, torí pé kọ̀ǹkọ̀sọ̀ gàrí pàápàá á mú ìdá 99 bó bá jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ ni a dà sí i.

Ènìyàn lè rò pé mẹ́rin péré ló wà láàárín 95 àti 99. Ohun tó bọ́ mọ́ asẹ́ lọ́wọ́ ni kí a wò: nínú hóró 100, Extra Guard á jẹ́ kí 5 kọjá, Ultra á jẹ́ kí ẹyọ 1 kọjá, ìlọ́po márùn-ún sì nìyẹn. Síbẹ̀, ọ́ìlì kì í gba inú fílítà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń yí ká inú ẹ́ńjìnì ni, ó sì ń padà wá, débi pé hóró tó sá lọ ní ìgbà àkọ́kọ́ ṣì lè há nígbà tó bá tún dé. Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn tó ń rajà kì í kà, nítorí lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n fi kọ ọ́: orí oríṣi fílítà mẹ́ta, PH8A, 3387A àti 3614, tàbí irú wọn, ni Fram ti rí iye wọ̀nyí. PH4967 ló bá Corolla mi mu, ó sì kéré sí PH8A gan-an. Mo gbà pé iye náà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n n kò ní fi búra fún agolo kékeré tó wà lọ́wọ́ mi.

Ohun tí wọ́n fi ṣe asẹ́ inú rẹ̀ ló fa ìyàtọ̀ náà. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé aṣọ tí ojú rẹ̀ há dáadáa kì í jẹ́ kí èèrí kọjá, ṣùgbọ́n omi á máa rọra kán ni, apá á sì ro ẹni tó ń sẹ́ ẹ. Bí ọ̀ràn fílítà ṣe rí gan-an nìyẹn. Fílítà oníbébà, tí a fi fọ́nrán igi ṣe, ní fọ́nrán tó nípọn tí kò sì dọ́gba, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá mú ojú rẹ̀ há jù, ọ́ìlì kò ní kọjá dáadáa. Fọ́nrán síntẹ́tíìkì, irú èyí tó wà nínú Ultra, tín-ín-rín ju ti igi lọ, ó sì dọ́gba, nítorí náà ojú ihò lè kéré kí ihò fúnra rẹ̀ sì pọ̀, kí ìdọ̀tí há kí ọ́ìlì sì ráyè kọjá. Ní ti sísẹ́ nìkan, Ultra ló borí nínú àwọn tó kọ iye sára páálí wọn, n kò sì rí ohun tí mo lè fi bá a jiyàn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bú Extra Guard nítorí pé páálí ni wọ́n fi dé orí àti ìdí asẹ́ inú rẹ̀ níbi tí àwọn mìíràn ti ń lo irin. Mo fi ìka tọ ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra yí ká, mo tún fi ọwọ́ fà á, kò sì sí ibi tó ṣí sílẹ̀. Bí gọ́ọ̀mù bá ti dì mú gbogbo ojú ibẹ̀, páálí ń ṣe iṣẹ́ irin níbẹ̀, mo sì rò pé èébú náà ti pọ̀ jù.

Àyẹ̀wò kan náà yìí ni ayédèrú ti ṣubú. Pílíìtì bébà inú rẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ká bébà náà léra, kò ju bíi mélòó kan lọ, àwọn kan sún mọ́ra títí wọ́n fi lẹ̀ pọ̀, àwọn mìíràn sì jìnnà síra. Gọ́ọ̀mù kò dé apá kan ìdérí ìsàlẹ̀, èékánná mi sì wọ inú àlàfo náà. Ọ́ìlì tó bá rí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ kò ní fi ara rẹ̀ fún bébà. Ibẹ̀ ni yóò gbà, pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí tó gbé dání. Mo wá fáàfù tó yẹ kó wà níbẹ̀, sípíríǹgì lásán ni mo rí. Iṣẹ́ fáàfù yìí ni pé bí ìdọ̀tí bá dí asẹ́, tàbí tí ọ́ìlì bá ki jù, yóò ṣí kí ọ́ìlì lè kọjá láìsẹ́, nítorí ọ́ìlì tó dọ̀tí ṣì sàn fún ẹ́ńjìnì ju kí ó máa yí láìní ọ́ìlì lọ. Ọkàn mi bàjẹ́ nígbà tí mo rí i, nítorí irú agolo yìí, pẹ̀lú àwọ̀ yìí, ti wà lábẹ́ ẹ́ńjìnì mi rí, oníṣọ́ọ̀bù tó tà á fún mi sì búra pé ojúlówó ni.

Rọ́bà pẹlẹbẹ tó wà nínú agolo, nídìí rẹ̀, tún ṣe pàtàkì. Òun ni kì í jẹ́ kí ọ́ìlì padà ṣàn sílẹ̀ nígbà tí a bá pa ọkọ̀. Bí ó bá ti gan, ẹ́ńjìnì á pariwo fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì láàárọ̀ kí ọ́ìlì tó dé òkè, ìgbà yẹn sì ni irin ń jẹ irin. Rọ́bà ṣílíkóònù, irú èyí tó wà nínú Ultra, ń fara da ooru ju rọ́bà dúdú tó wọ́pọ̀ lọ. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, níbi tí ẹ́ńjìnì ti ń gbóná láìrí afẹ́fẹ́, mo ka èyí sí nǹkan ńlá.

Toyota kò tẹ ìdá kankan sára páálí tirẹ̀, nítorí náà kò sí nọ́ńbà tí a lè fi gbé e kalẹ̀ níwájú Fram. Ohun tí mo rí ni iṣẹ́ tó mọ́: pílíìtì rẹ̀ dọ́gba, kò sí àlàfo, tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyẹn ìlà tí a fi ń yí i mọ́ ẹ́ńjìnì, kò sì ní ìwọ́ irin kankan. Nọ́ńbà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 90915. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 04152 kì í ní agolo rárá, asẹ́ lásán ni, fún àwọn ẹ́ńjìnì tó ti ní ilé fílítà tirẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ tún sọ̀rọ̀ lórí tẹ́rẹ́ẹ̀dì. Ojú ibi tí Corolla mi ti ń gba fílítà fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, èyí tí í ṣe mìlímítà 19.05, ti ọ̀pọ̀ Honda jẹ́ 20. Nítorí náà fílítà Honda lè wọ orí Toyota, kí rọ́bà ẹnu rẹ̀ sì fún un débi pé yóò dà bíi pé ó dì, nígbà tó jẹ́ pé tẹ́rẹ́ẹ̀dì kò di ara wọn mú. Bí agbára ọ́ìlì bá tì í jáde lójú ọ̀nà, gbogbo ọ́ìlì lè dà sílẹ̀ kí awakọ̀ tó rí ibi tí yóò dúró sí.

Fún ẹni tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò ní 5,000 kìlómítà, ti Toyota tàbí Extra Guard tó, bó bá ti jẹ́ ojúlówó. Fram sọ pé Ultra lè lo tó 20,000 máìlì. Pẹ̀lú eruku ọyẹ́ àti òpópónà wa, n kò ní dán ìyẹn wò. Òun ni mo fi sí ọkọ̀ mi báyìí, pẹ̀lú ọ́ìlì síntẹ́tíìkì, n ó sì tú u ní 8,000 kìlómítà, kí n là á, kí n sì wo bí gọ́ọ̀mù àti rọ́bà rẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn ooru Èkó.